Ẹyẹ Méjìlélógójì fún Ibùsùn Dalvina

Ọjọ́ Àìkú, 21 oṣù Kẹrin 1974

Òjò láti àárọ̀. Mo ti la ẹnu mi, kò ṣeé pa dé mọ́: èmi ni máa rán ìbora Dalvina pọ̀.

A ń jẹun ọ̀sán lọ́wọ́ ni Dalvina ní òun rí búláńkẹ́ẹ̀tì kan lọ́jà, aláwọ̀ ewé, ó nípọn dáadáa. Ó ní Evilásio, àfẹ́sọ́nà òun, á rà á, kí Ìyá Àgbà má da ara wọn láàmú mọ́. Inú rere ló fi sọ ọ́, àbúrò mi kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ṣùgbọ́n mo rí ojú Ìyá Àgbà. Wọ́n wo ọwọ́ ọ̀tún wọn tó ti kú sórí itan wọn láti oṣù Kejì. Àǹtí mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló gbé ìbora tí ọwọ́ yẹn rán lọ sílé ọkọ. Kò sí ọmọbìnrin tó jáde nílé yìí lọ́wọ́ òfo.

Mo ní, "Kò sẹ́ni tó ń ra búláńkẹ́ẹ̀tì. Ìyá Àgbà ti gé àwọn ẹyẹ aṣọ tán, ó ku ká rán wọn pọ̀. Èmi á rán an."

Dalvina fẹ́rẹ̀ẹ́ tu ẹ̀wà ẹnu rẹ̀ dànù. "Ẹ̀yin, Bọ̀dá Cleto? Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń rán gàárì ẹṣin?"

"Awọ ló le ju aṣọ lọ."

"Bọ̀dá mi, wọ́n máa fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ dé ìlú kejì."

"Kí wọ́n wá."

Ọjọ́ Antóníò Mímọ́ ni ìgbéyàwó, 13 oṣù Kẹfà. Mo kà á: ọjọ́ mẹ́tàléláàádọ́ta. Ẹ̀wà wà lóko láti já, àgbàdo ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Ìṣẹ́gun, 23 oṣù Kẹrin

Mo da àpò Ìyá Àgbà sórí ibùsùn wọn. Ègé méjìlélógójì, gbogbo rẹ̀ jẹ́ aṣọ àpò ìyẹ̀fun tí wọ́n fọ̀ títí ó fi funfun, ẹyẹ kọ̀ọ̀kan sì wà lójú ègé kọ̀ọ̀kan. Páálí kan ṣoṣo ni Ìyá Àgbà fi ń gé gbogbo ẹyẹ náà, láti ìgbà tí bàbá mi wà lọ́mọ ọwọ́.

Mo rò pé máa kàn kà wọ́n ni. Mo jókòó tì wọ́n títí ọ̀sán fi pọ́n. Aṣọ olódòdó pupa rúsúrúsú nì, èyí tí màmá mi wọ̀ lọ síbi ìfọṣọ, tí mo máa ń di etí rẹ̀ mú kí n má bàa ṣubú sódò. Ó ti di ẹyẹ mẹ́ta. Ṣòkòtò kakí bàbá àgbà, oórùn tábà ṣì wà lára rẹ̀, tàbí imú mi ló ń purọ́. Aṣọ ilé ìwé Dalvina. Kọ́tìnnì ṣọ́ọ̀bù wa tó jóná. Mi ò mọ̀ pé ilé wa ti tóbi tó yẹn rí.

Ọ̀kan sì wà tó jẹ́ búlúù onílà funfun. Ẹ̀wù tí bàbá mi fi sílẹ̀ lórí ìṣó ni, lọ́dún ọ̀dá 1970, tó gun ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí São Paulo. Ó ní òun á padà wá wọ̀ ọ́ tí òjò bá ti rọ̀. Lẹ́tà méjì la gbà. Òjò sì ti rọ̀ lọ́dún tó kọjá, ó tún ń rọ̀ báyìí.

Mo mú ẹyẹ yẹn kúrò, mo fi sábẹ́ àpótí irinṣẹ́ mi. Ẹni tí kò padà wálé kò ní í bà sórí ibùsùn àbúrò mi.

Ọjọ́bọ̀, 25 oṣù Kẹrin

Mo gé ẹyẹ kan láti ara ẹ̀wù mi pupa, mo rán an mọ́ ègé funfun. Iye wọn ti pé padà. Kò sẹ́ni tó mọ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 28 oṣù Kẹrin

Mo ra ìwé ìṣirò onígun mẹ́rin-mẹ́rin. Ẹyẹ mẹ́fà ní ìbú, méje ní gígùn. Mo fi pẹ́ńsù ya gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, mo sì fún aṣọ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà.

Ìyá Àgbà gbọ́ bí pẹ́ńsù ṣe ń ha ìwé. Ojú wọn ò ríran púpọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n etí wọn!

"Cleto, lẹ́tà ta lò ń kọ?"

"Ètò ẹyẹ ni, Màmá."

"Ẹyẹ ń jẹ́ ètò?"

"Kó lè lẹ́wà ni."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Tó bá jẹ́ èmi, máa gbé àpò sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún mi, máa gbé kọfí kaná. Èyí tí ọwọ́ bá bà ni máa fà jáde. Kí kọfí tó hó, mo ti tò ó tán. Àṣẹ kan ṣoṣo ló wà ńbẹ̀: kí aṣọ kan náà má jókòó ti ara rẹ̀."

Mo ní, "Bóyá ìyẹn dáa fún ọwọ́ tó ti mọ̀ ọ́n." Ọ̀rọ̀ yẹn le ju bí mo ṣe fẹ́ lọ. Ọwọ́ wọn tó ti mọ̀ ọ́n ni mo ń wò bí mo ṣe ń sọ ọ́.

Ọjọ́bọ̀, 2 oṣù Karùn-ún

A lu ẹ̀wà lábẹ́ ahéré Generosa, ìyá ìrìbọmi mi. Tiburtino, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré, ti gbọ́. Kò jẹ́ kí n gbé igi sílẹ̀ tó fi kígbe:

"Ẹ kú abẹ́rẹ́ o, Ìyá Aránṣọ! Mo gbọ́ pé adìẹ lẹ̀ ń rán."

"Ẹyẹ ni."

"Mo ti rí páálí yẹn nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Adìẹ ni. Ó ku ata àti iyọ̀."

Gbogbo ahéré dà rú. Mo dúró kí wọ́n rẹ́rìn-ín tán. Mo wá ní, "Tiburtino, ta ló rán gàárì tí o fi ń gun ẹṣin?"

"Ìwọ ni."

"Tí mo bá lọ tú u lálẹ́ òní, orí egungun lo máa jókòó lé lọ sí ìgbéyàwó."

Generosa ní ká jẹ́ kí ẹ̀wà simi, ká máa lu ara wa.

Ọjọ́ Àìkú, 5 oṣù Karùn-ún

Odò ti jẹ ọ̀nà ìlú. Kò sọ́jà lánàá. Rílì òwú tí mo rà ní kurusẹ́rò kan àbọ̀, mo ti lò ó tán níbi tí mo ti ń dánra wò. Mo bínú títí. Ìyá Àgbà ní kí n fa òwú láti ẹnu àpò ìyẹ̀fun, kí n lọ́ méjì pọ̀, kí n fi ìda oyin pa á lára. Ìda tí mo fi ń pa òwú gàárì ṣì wà. Ó le bí okùn ìpẹja. Mo yọ̀ bíi pé mo pa ẹran ìgbẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 9 oṣù Karùn-ún

Lẹ́yìn ìwé mẹ́rìnlá tí mo ya tí mo fà ya, ètò ti pé. Báyìí ló rí: gbogbo ẹyẹ ni yóò kọjú sí ibì kan ṣoṣo, láti orí ibùsùn sọ́nà ẹsẹ̀. Ìlẹ̀kùn ló máa ń wà lọ́nà ẹsẹ̀ ibùsùn, nítorí náà ẹni tó bá wọlé á rí ẹyẹ méjìlélógójì tí wọ́n ń fò bọ̀ wá pàdé rẹ̀. Mo ń rántí bí àwọn àdàbà ṣe padà wá lẹ́yìn ọ̀dá kan nígbà tí a wà lọ́mọdé, tí gbogbo wọn ń lọ síbì kan náà, tí màmá mi gbé Dalvina sókè kó rí wọn.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rán an lónìí.

Ajé, 13 oṣù Karùn-ún

Òrùlé jò sórí ìlà kejì. Mo gbé ìkòkò síbẹ̀, mo sá igun tó rin. Àwọ̀ rẹ̀ kò ṣí.

Ọjọ́ Àìkú, 19 oṣù Karùn-ún

Ìlà mẹ́rin ti parí! Igun bá igun dọ́gba, o ò lè fi abẹ́rẹ́ wọ àárín wọn. Dalvina dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Bọ̀dá mi, ó mà dáa o." Kò rẹ́rìn-ín rárá. Mo jáde lọ síbi ẹṣin kó má bàa rí ojú mi.

Ajé, 20 oṣù Karùn-ún

Generosa wá mú iná. Ó rí ìlà mẹ́rin lórí ibùsùn Ìyá Àgbà. Ó gbé ìka sí iwájú orí, sí àyà, sí èjìká méjèèjì.

"Cleto, òkú ta lẹ fẹ́ gbé jáde nínú ilé yìí?"

"Òkú báwo, Màmá Generosa?"

"Gbogbo wọn kọjú sọ́nà ẹsẹ̀! Sọ́dọ̀ ìlẹ̀kùn! Ta ló ń fẹsẹ̀ ṣáájú jáde lórí ibùsùn, yàtọ̀ sí òkú?"

"Wọ́n ń bọ̀ wá pàdé àlejò ni."

"Pàdé kẹ̀? Wọ́n ń sin ín lọ ni!"

Mo mọ̀. Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé òkú ló ń fẹsẹ̀ ṣáájú jáde nílé. Bàbá àgbà, màmá mi, ẹsẹ̀ wọn ló ṣáájú. Kí ló dé tí mi ò rí i lórí ìwé?

Ìṣẹ́gun, 21 oṣù Karùn-ún

Mo ní mi ò tú nǹkan kan. Aṣọ ni, kì í ṣe pósí. Dalvina kò jẹun.

Odò tó dá mọ́tò dúró kò dá òfófó dúró. Àwọn tó ń tukọ̀ ti gbé e dé Várzea Funda, ìlú Evilásio. Ìyá Evilásio ránṣẹ́ padà: ìbora òkú kò ní í wọ ilé òun, kí ìyàwó wá pẹ̀lú búláńkẹ́ẹ̀tì tàbí kó wá lásán.

Dalvina sọ̀rọ̀ láìwo ojú mi. "Èmi náà ò lè sùn lábẹ́ ẹ̀, bọ̀dá mi. Ẹ má bínú."

Ọjọ́rú, 22 oṣù Karùn-ún

Mo bẹ Ìyá Àgbà fún ìbùkún bí mo ṣe máa ń ṣe láràárọ̀. "Màmá, ẹ súre fún mi." "Ọlọ́run á bùkún ẹ, ọmọ líle." Wọ́n ní kí n kó gbogbo ẹyẹ wá, èyí tí mo ti rán àti èyí tó kù.

Wọ́n fi ọwọ́ òsì kàn wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ṣòkòtò ọkọ mi nìyí. Aṣọ ìyá yín. Aṣọ ìyá yín. Kọ́tìnnì." Wọn ò ṣìnà lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tó kan ẹyẹ pupa, wọ́n dúró.

"Èyí kì í ṣe ojú abẹ́rẹ́ mi. Bàtà ni wọ́n fẹ́ fi ṣe?"

Wọ́n fọwọ́ kan gbogbo ìyókù wò dé ìparí.

"Cleto. Ibo ni ẹyẹ ọmọ mi wà?"

Mo sọ òótọ́, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ nǹkan mìíràn. Mo ní ẹni tó fi wá sílẹ̀ nínú ọ̀dá, tí òjò rọ̀ ọdún méjì tí kò padà, kò ní ibùjókòó lórí ibùsùn Dalvina.

Wọ́n ní, "Ìwọ sọ bàbá nù. Ṣùgbọ́n èmi, ọmọ ni mo sọ nù. Èmi kọ́ sì ni mo ń lọ sílé ọkọ, ìwọ náà kọ́. Bi ẹni tó ń lọ."

Mo bi Dalvina lẹ́yìn ilé, níbi tó ti ń fọ ìkòkò. Kò rò ó rárá. "Ẹ fi sí i. Mo fẹ́ kí gbogbo wa pé."

Nígbà tí mo padà, Ìyá Àgbà bi mí: "Ọjọ́ mélòó lo fi to ètò yẹn?"

"Mọ́kànlá."

"Ọjọ́ mọ́kànlá, o sì to ìsìnkú. Ọmọ mi, o rò ó jù ni."

Ọjọ́bọ̀, 23 oṣù Karùn-ún

Mo tú u. Òwú onída kò fẹ́ já, mo ti rán an dáadáa jù. Ọjọ́ mọ́kànlélógún ló kù.

Ọjọ́ Àìkú, 26 oṣù Karùn-ún

Òjò dá díẹ̀. Dalvina gbé kọfí kaná, Ìyá Àgbà jókòó pẹ̀lú àpò lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún wọn. Gbogbo ẹyẹ wà nínú rẹ̀, ti bàbá mi àti tèmi, mẹ́tàlélógójì. Wọ́n ní kí n kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, kí n máa gba èyí tí wọ́n bá fà, kí n gbé e sílẹ̀ bó ṣe bọ́ sí mi lọ́wọ́. Tó bá kọjú sí orí, kó kọjú sí orí. Tó bá yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó yẹ̀.

Ó ṣòro fún mi ju ẹ̀wà lílù lọ. Ọwọ́ mi ń fẹ́ tún wọn ṣe.

"Màmá, aṣọ pupa méjì ti fẹ́ súnmọ́ra."

"Ṣé aṣọ kan náà ni?"

"Rárá o."

"Gba òmíràn."

"Màmá, èyí kọjú sí odi."

"Bóyá ó ti rí kòkòrò níbẹ̀. Gba òmíràn."

Dalvina rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Lẹ́ẹ̀mejì péré ni mo pààrọ̀ ẹyẹ sí ibòmíràn, nítorí aṣọ màmá mi tó fẹ́ ti ara rẹ̀. Bí ìlà ṣe ń pé, mo rí i pé ó ti ń dà bí àgbàlá tí wọ́n da ọkà sí: òmíràn ń lọ, òmíràn ń bọ̀, òmíràn ń yíjú wo ẹnìkejì. Nínú gbogbo ìwé tí mo yà, kò sí èyí tó jọ ohun tó ní ẹ̀mí báyìí.

Ẹyẹ bàbá mi jáde ní ìlà kẹta. Ìyá Àgbà mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó fà á tán. Ẹ̀gbẹ́ kọ́tìnnì ṣọ́ọ̀bù ló bà sí, ojú rẹ̀ sì kọ sí orí ibùsùn.

Mo ní, "Tó bá jẹ́ èmi ni mo tò ó, ìlẹ̀kùn ni máa kọjú rẹ̀ sí."

"Mo mọ̀," ni Ìyá Àgbà wí. "Ìdí nìyẹn tí kì í ṣe ìwọ."

Nígbà tí àyè kún, ó ku ẹyẹ kan nínú àpò. Tèmi ni. Dalvina fo dìde, ó ní àfi ká fi pààrọ̀ ọ̀kan nínú kakí. Ìyá Àgbà kọ̀. Wọ́n ní àpò kì í dá ẹjọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Mo ní kò dùn mí. Ó dùn mí díẹ̀.

Kọfí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hó.

Àbámẹ́ta, 1 oṣù Kẹfà

Ìlà mẹ́ta. Àgbàdo ti gbó, gbogbo ara mi ń yún mi.

Ìṣẹ́gun, 4 oṣù Kẹfà

Ìlà márùn-ún. Tiburtino wá gba okùn ìjánu rẹ̀, ó wo ìbora náà pẹ́. Ó fi ìka kan ẹyẹ tó kọjú sí odi. "Èyí jọ ìyá mi nígbà tó bá ń bínú." Kò pe ohunkóhun ní adìẹ. Ó mú okùn, kò kúrò, ó bá mi di sápala àgbàdo sínú háhá títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú.

Àbámẹ́ta, 8 oṣù Kẹfà

Ìlà méje. Ọjà ṣí. Ṣúgà ti tún gbówó lórí. Mo kọjá níwájú búláńkẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé yẹn, ó ṣì so rọ̀ síbẹ̀. Mi ò kí i.

Ìṣẹ́gun, 11 oṣù Kẹfà

Aṣọ abẹ́ ti wọ̀ ọ́, mo ti ká etí rẹ̀ yípo. Mo dá ìwọ̀n ìka mẹ́rin dúró láìrán. Mo gbé e sórí itan Ìyá Àgbà, mo fi abẹ́rẹ́ sí ọwọ́ òsì wọn.

"Kí nìyí?"

"Ẹ parí ẹ̀, Màmá. Ìbora yín ni."

"Ọwọ́ òsì yìí ò mọ nǹkan kan."

"Ẹ má rò ó jù."

Wọ́n gbá mi létí, ṣùgbọ́n wọ́n rán an. Ó gbà wọ́n láti ìgbà tí a jẹun ọ̀sán tán títí àwọn ewúrẹ́ fi wọlé. Àwọn ojú abẹ́rẹ́ náà wọ́ bí ipa ọ̀nà kòkòrò. Wọ́n fi eyín já òwú náà. Ibẹ̀ ló dáa jù nínú gbogbo rẹ̀, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

Ọjọ́bọ̀, 13 oṣù Kẹfà. Antóníò Mímọ́

Oòrùn! A gba odò kọjá nínú ọkọ̀ ojú omi, Ìyá Àgbà wà ní àárín, èmi ru ìbora sórí nínú ọ̀rá. Lẹ́yìn ìsìn, àwọn obìnrin Várzea Funda wọ yàrá ìyàwó láti wo ibùsùn. Ìyá Evilásio ló ṣáájú. Ó tẹ̀ síwájú, ó ń fi ìka tọ ẹnu ẹyẹ kọ̀ọ̀kan, èyí kọjú síbi, èyí kọjú sọ́hùn-ún. Dalvina di apá mi mú, èékánná rẹ̀ wọ̀ mí lára.

Obìnrin náà nà ró. "Ó dáa. Wọ́n ń ṣeré ni."

Ẹnìkan bi í láti ẹ̀yìn pé ta ló rán an. Dalvina wò mí. Mo mi orí, mo fi àgbọ̀n tọ́ka.

"Ìyá àgbà mi ni," ló wí. "Ọwọ́ wọn ló rán an."

Wọ́n mú Ìyá Àgbà wá síbi ibùsùn. Wọ́n fi ọwọ́ òsì rìn lórí ẹyẹ títí wọ́n fi dé ìlà kẹta, wọ́n dúró lórí ẹyẹ bàbá mi. Wọ́n sọ nǹkan kan fún un. Mi ò gbọ́ ọ, mi ò sì bi wọ́n.

Àbámẹ́ta, 15 oṣù Kẹfà

Ilé dákẹ́. Mo gbọ́ agogo ewúrẹ́ Generosa láti ibí, mi ò gbọ́ ọ rí.

Láàárọ̀ yìí Ìyá Àgbà pe Dalvina kó wá gbé kọfí kaná. Mo dìde, mo gbé e kaná. Mo bù ú fún wọn, mo ràn wọ́n lọ́wọ́ láti di ife mú.

Wọ́n tọ́ ọ wò. "Ṣúgà ti pọ̀ jù, Dalvina."

Mo ní, "Ẹ má bínú, Màmá."